Bí Baba Dúdú Ṣe Dé Ìkọ̀lé

Àwọn tó ń ta baba dúdú lóde òní fẹ́ràn láti máa pè é ní ìpanu àbáláyé. Ẹni tó rà á ní ọjà Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́ tàbí ní ìdíkọ̀ Ìfàkì kì í bá wọn jiyàn. Ó dúdú, ó le, inú ilé ni wọ́n ti sè é, obìnrin ló sè é, kò sì sí àmì ilé iṣẹ́ kankan lára ọ̀rá tí wọ́n fi wé e. Ta ni yóò wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí kò ní sọ pé àwọn ìyá ńlá wa ló fi lélẹ̀? Mo rò pé a ti tètè gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ jù. Súwíìtì tí a fi ṣúgà sè kò lè dàgbà ju ṣúgà lọ, kò sì tíì pẹ́ rárá tí ṣúgà di ohun tí ìyàwó ilé ní àríwá Èkìtì lè fi owó ọwọ́ rẹ̀ rà lọ́jà. Àwọn kan gbọ́ èyí tán, wọ́n sì fò sí ìdàkejì: wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé òyìnbó ló kọ́ wa. Àṣìṣe ti àwọn wọ̀nyí tún wá burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kí ṣúgà tó wọ Ìkọ̀lé nínú àpò, àwọn ọmọ Yorùbá ti ń sè é lókè òkun, lábẹ́ pàṣán, fún ọ̀gá tí kò san kọ́bọ̀ fún wọn. Bí a kò bá gba ọ̀nà ibẹ̀ kọjá, ìtàn ìpanu kékeré yìí kò lè yé wa.

Oyin ni kí a kọ́kọ́ mú, nítorí òun ni adùn tó pẹ́ jù lọ́wọ́ wa. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Bristol àti Yunifásítì Goethe ní Frankfurt gbé ìwádìí jáde lórí àpáàdì ìkòkò àwọn ará Nok, ní àárín gbùngbùn Nàìjíríà. Àpáàdì 458 ni wọ́n yẹ̀ wò. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ló ní ìda oyin tó ti mu sínú amọ̀, èyí tó pẹ́ jù nínú wọn sì ti tó nǹkan bí 3,500 ọdún. Ìyẹn ni pé kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ ṣúgà ní ilẹ̀ yìí, ìkòkò oyin ti wà lórí iná. Ní 1352, nígbà tí Ibn Battuta la aṣálẹ̀ já dé Walata, lẹ́nu ibodè ilẹ̀ ọba Mali, ọkà gígún tí wọ́n pò mọ́ oyin díẹ̀ àti wàrà ni wọ́n gbé fún àwọn àlejò nínú igbá. Àríwá Èkìtì bọ́ sí àárín ayé oyin yìí gan-an. Láti Ọ̀tùn lọ dé Ìkọ̀lé ni igbó ti ń fà sẹ́yìn fún ọ̀dàn, òdòdó kì í wọ́n níbẹ̀, ihò igi àti pàlàpálá àpáta sì pọ̀ tí oyin lè fi ṣe ilé. Ẹ wo ohun tí à ń gbé kalẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ: oyin, ìrèké, iyọ̀, obì, orógbó, ataare, àádùn. Ẹ wo ohun tí à ń pèsè fún ìbejì: ẹ̀wà, ìrèké, àádùn. Gbogbo adùn tí àṣà náà mọ̀ ló wà níbẹ̀, kò sì sí súwíìtì kankan nínú wọn. Àádùn tí a ń pè ní ìpanu, àgbàdo yíyan tí a lọ̀ kúnná ni, epo pupa la fi pò ó, àwọn mìíràn a fi oyin tàbí ata sí i. Kò sí ohun tí a sè títí tó fi dì níbẹ̀. Àṣà kì í gbàgbé ohun tó ti bá a gbé pẹ́. Ká ní súwíìtì sísè ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni, ibì kan ì bá wà fún un lórí àwo ìsọmọlórúkọ.

Àtakò kan wà tó wúwo, mo sì fẹ́ dáhùn rẹ̀ dáadáa. Ẹnì kan lè sọ pé àwọn baba wa mọ bí a ṣe ń gba omi dídùn lára igi, pé ojoojúmọ́ ni adẹ́mu ń fi igbà gun ọ̀pẹ, kí ló wá dé tí wọn kò se omi náà gbẹ bí àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ń se omi igi maple? Ìbéèrè gidi ni. Àwọn Anishinaabe àti àwọn Haudenosaunee, ní agbègbè adágún ńláńlá tó wà láàárín Kánádà àti Amẹ́ríkà, ti ń dá igi maple lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìparí òtútù kí òyìnbó tó dé bá wọn. Omi igi náà kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ ṣúgà. Nǹkan bíi lítà ogójì ni wọ́n ń sè kí wọ́n tó rí lítà kan omi ṣúgà tó ki. Bí iná bá tún gbé e dé ìwọ̀n 112 tàbí 113 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí wọ́n sì rò ó bó ṣe ń tutù, á dì, wọ́n á dà á sínú àwo kékeré, ó di súwíìtì. Omi ọ̀pẹ tiwa dùn ju èyí lọ fíìfíì, nítorí ṣúgà inú rẹ̀ máa ń tó bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Bí adùn nìkan bá ni ọ̀rọ̀ wà fún, ọ̀pẹ ni ì bá kọ́kọ́ di ṣúgà.

Ìdáhùn àkọ́kọ́ wà nínú ojú ọjọ́. Òtútù òru ilẹ̀ wọn ń pa omi maple mọ́, ó lè wà títí wọn yóò fi kó o jọ. Tiwa ti ń kan láti inú akèrègbè lórí ọ̀pẹ, wákàtí díẹ̀ sì ti tó láti sọ ọ́ di ẹmu. Ìdáhùn kejì ló sì wù mí jù. Kò sí oyin tiwa yìí ní àríwá Amẹ́ríkà rárá. Àwọn ará Europe ló gbé e dé Virginia ní 1622. Ẹni tí kò ní oyin ló ní ìdí láti jókòó ti ìkòkò tọ̀sán-tòru kí ó lè rí adùn díẹ̀. Ẹni tó bá oyin nínú ihò igi kò ní ìdí kankan láti dáná sun ẹmu tó ti ní oníbàárà láàárọ̀ kùtù. Bí wọ́n bá wá sọ pé àwọn ará Íńdíà ní oyin, síbẹ̀ wọ́n ń se omi ọ̀pẹ wọn di ṣúgà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn lé ọ̀pọ̀ wọn jìnnà sí ọtí, wọ́n sì ń fi ẹfun kun inú ìkòkò tí wọ́n fi ń gba omi náà kó má baà kan. Ní Èkìtì, ẹmu ni a fi ń tọrọ ìyàwó, òun la fi ń bọ òrìṣà, òun ni àlejò ń mu. Kò sí ìmọ̀ tí a pàdánù. A wulẹ̀ ní ohun tó sàn láti fi omi náà ṣe ni.

Ọ̀rọ̀ ìrèké le díẹ̀ ju èyí lọ. Ìrèké wà ní àkùrọ̀ wa, a sì ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, a ń fà á mu, a ń tu ìyangbẹ rẹ̀ dànù. Láti sọ ọ́ di ṣúgà, a gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tí yóò fún un, igi ìdáná tí kò lópin, àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tí kò ní sùn, nítorí ìrèké tí a bá gé kò ṣe é fi sílẹ̀ ju ọjọ́ kan sí méjì lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Irú iṣẹ́ yìí kò bá oko ẹbí mu. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ṣe é tó pọ̀, ẹrú ni wọ́n fi ṣe é. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, erékùṣù São Tomé, tí kò jìnnà sí etíkun wa, ni àwọn Pọtogí sọ di oko ìrèké ńlá, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn láti apá Benin àti Kongo lọ síbẹ̀. Èkìtì àti Benin jọ pààlà ni. Nítorí náà, kì í ṣe pé ṣúgà jìnnà sí wa nígbà náà. Ó sún mọ́ wa tó fi jẹ́ pé ènìyàn ló ń gbà lọ́wọ́ wa.

Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló wá fa ọ̀rọ̀ náà wọlé wá bá wa pátápátá. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, ogun gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kan. Ìlọrin kó àwọn ìlú àríwá Èkìtì, Ìbàdàn kó wọn, títí ọ̀rọ̀ fi di Èkìtì Parapọ̀ àti ogun Kírìjì, láti 1877 sí 1886. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ló dúró sí oko àwọn ológun Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kí ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀, àwọn mìíràn ti dé etíkun, ọkọ̀ sì ti gbé wọn lọ sí Bahia àti Kúbà. Orúkọ ibi tí wọ́n ti wá kò parẹ́. Ní Bahia, Ijexá àti Efon jẹ́ orúkọ ẹ̀ka nínú ẹ̀sìn Candomblé títí dòní. Ní Matanzas ní Kúbà, ẹgbẹ́ àwọn Iyesá, ìyẹn Ìjẹ̀ṣà, ṣì ń lu ìlù wọn. Matanzas yìí gan-an ni ọkàn ilẹ̀ ṣúgà Kúbà ní àárín ọ̀rúndún náà. Ibẹ̀ ni obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Carlota, tí ìwé pè ní Lukumí, orúkọ tí Kúbà ń pe Yorùbá, ti wà lára àwọn tó ṣáájú ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú ní oko ìrèké Triunvirato ní oṣù kọkànlá ọdún 1843. Ọ̀tẹ̀ náà gbẹ̀mí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rántí orúkọ yìí nígbà tí wọ́n bá sọ pé ṣúgà jẹ́ ìmọ̀ òyìnbó.

Nítorí ta ló ń sè é? Nínú ilé ìsèṣúgà oko bẹ́ẹ̀, ìkòkò bàbà bíi márùn-ún ló máa ń tò tẹ̀lé ara wọn lórí ààrò gígùn kan, láti èyí tó tóbi jù dé èyí tó kéré jù. Bí omi ìrèké bá ṣe ń ki ni wọ́n ń bù ú láti inú ọ̀kan sí èkejì, wọ́n sì ń fi ìpọnmi onígi gígùn kó ìfófòó rẹ̀ dànù. Ẹni tó dúró ti ìkòkò ìkẹyìn ló ní iṣẹ́ tó le jù. Kò ní ohun èlò kankan láti fi wọn gbígbóná rẹ̀. Àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ló fi ń fà á wò, bó bá fà bí òwú títí dé ibi kan, àkókò ti tó láti gbé e kúrò lórí iná. Bí ó bá pẹ́ ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ó jó. Bí ó bá yá, kò ní dì. Ẹrú ló mọ èyí, ọ̀gá rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Benjamin Rush, dókítà kan ní Philadelphia, kọ̀wé sí Thomas Jefferson ní 1791 pé kí àwọn ará Amẹ́ríkà gbin igi maple kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ ṣúgà tí ẹrú ń ṣe, ohun tó ń tọ́ka sí nìyẹn: gbogbo ayé mọ ọwọ́ tó wà nídìí ìkòkò náà. Àwa nìkan ni a kò kíyè sí i pé ọwọ́ àwọn ẹbí wa wà lára rẹ̀.

Àwọn kan padà wálé. Láti nǹkan bí àwọn ọdún 1830, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Bahia ní 1835, ni àwọn Àgùdà ti ń padà sí Èkó, sí Àgbádárìgì, sí Porto-Novo àti Ouidah. Wọ́n mú iṣẹ́ bíríkìlà àti ti káfíńtà wá, wọ́n kọ́ ilé olókè tí ó ṣì wà ní Pópó Àgùdà, wọ́n sì mú oúnjẹ wá. Fúrèjọ̀n tí Èkó ń jẹ ní ọjọ́ Jímọ̀ Rere, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè, tiwọn ni. Ní Bahia, láti ìgbà àtijọ́, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ń se àgbọn mọ́ ṣúgà títí yóò fi dì, wọ́n ń gbé e kiri lórí àwo. Cocada ni wọ́n ń pè é, dúdú wà nínú rẹ̀, funfun náà sì wà. Ẹ wá wo baba dúdú: omi àgbọn fífún, ṣúgà, iná, ọwọ́ obìnrin, àwo orí. Èmi kò rí ìdí láti sọ pé ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ẹni tó bá sọ pé àgbọn àti ṣúgà lè pàdé níbi gbogbo láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ ẹnikẹ́ni, kò parọ́. Ó ṣẹlẹ̀ ní Íńdíà. Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé àgbọn pàápàá kì í ṣe ọmọ bíbí etíkun wa. Àwọn Pọtogí ló gbé e wá láti òkun Íńdíà lẹ́yìn 1499. Ìyẹn ni pé ohun méjèèjì tí a fi ń ṣe baba dúdú ló wọ ilẹ̀ wa lójú ọ̀nà kan náà, àwọn Àgùdà sì jẹ́ àwùjọ kan ní Èkó tó ti ń sè wọ́n pọ̀ kí wọ́n tó dé. Ẹ̀rí yìí tó fún mi.

Láti Èkó dé Ìkọ̀lé ńkọ́? Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì kọjá lọ sí Ìlọrin láìfi ẹsẹ̀ kan Èkìtì. Ẹrù tó bọ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo, orí ló fi ń rìn, kó tó di pé ọkọ̀ akẹ́rù gba ọ̀nà náà. Àwọn òṣómàáló láti Ìjẹ̀ṣà ń gbé aṣọ àwìn káàkiri Èkìtì nígbà náà. Aṣọ ni a kọ́kọ́ ń rà, lẹ́yìn rẹ̀ iyọ̀, lẹ́yìn rẹ̀ kẹrosíìnì. Ṣúgà wá sẹ́yìn gbogbo wọn. Kòkó ló yí i padà. Owó kòkó ló sọ páálí ṣúgà onígun di ohun tí a lè gbé fún àlejò. Síbẹ̀, ṣúgà tí a fi ń mu tíì yàtọ̀ sí ṣúgà tí a lè sè tà. Kí obìnrin tó lè sè é tà, ṣúgà kò gbọ́dọ̀ wọ́n jù, obìnrin náà sì gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní kọ́bọ̀ kọ́bọ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ ló bí ẹni náà. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ogunlọ́gọ̀ ọmọ tó ti ń bá bàbá wọn lọ sóko ní Ìdó, ní Ìsàn, ní Ìtàjí, kó jọ sójú kan, ẹlòmíràn mú kọ́bọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́, ìgbà ìsinmi sì wà. Ẹni tó bá ń wá ìgbà tí súwíìtì ilé di òwò ní ìgbèríko Èkìtì, ẹnu ọ̀nà ilé ìwé ni kó lọ dúró. Ní 1964, ilé iṣẹ́ ṣúgà Bacita, létí odò Ọya ní ilẹ̀ Kwara, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣúgà wá ń wá láti àríwá náà, kì í ṣe láti Èkó nìkan mọ́. Orúkọ tí àwọn ọmọdé fún àwọn ìpanu yìí sì tún ń jẹ́rìí. Èékánná Gowon kò lè ti wà kí Gowon tó gba ìjọba ní 1966. Baba dúdú, sìsí pẹ́lẹ́bẹ́, gúrúndì, gbogbo wọn ló jọ ń jókòó lórí àwo kan náà pẹ̀lú rẹ̀, mo sì gbà pé ọjọ́ orí wọn ní àríwá Èkìtì kò jìnnà síra. Ọ̀rọ̀ ìran méjì sí mẹ́ta ni.

Wọ́n lè wá bi mí pé bí ṣúgà bá jẹ́ àlejò, tí àgbọn jẹ́ àlejò, tí ọ̀nà ìsè rẹ̀ gba Bahia wọlé, kí ló kù tó jẹ́ tiwa níbẹ̀? Iná ni. Obìnrin tó se baba dúdú ní Ìkọ̀lé kò rí ẹnikẹ́ni láti Èkó tó wá dúró tì í. Àgbọn pàápàá kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe dáadáa lókè ilẹ̀ wa. Etíkun ló ti ń wá, ìyẹn sì mú kí obìnrin náà máa ṣọ́ ọ lò. Ohun tó gbé wá sídìí ìkòkò ni ohun tí ìyá rẹ̀ mọ̀ nípa epo pupa, àdí àti ọṣẹ dúdú. Ẹni tó ń se ọṣẹ dúdú mọ ìgbà tí omi eérú ń hó lásán àti ìgbà tó ń yí padà. Ó mọ̀ pé bí iná bá pọ̀ jù ní ìparí, iṣẹ́ ọjọ́ kan ti bàjẹ́. Baba dúdú ń béèrè ìmọ̀ kan náà. Omi àgbọn àti ṣúgà yóò kọ́kọ́ hó gẹgẹrẹ bí ọbẹ̀, yóò fún omi jáde títí, ìfófòó á kéré, á wá máa hó lọ́ra pẹ̀lú ìró tó wúwo. Àwọ̀ á kúrò ní funfun sí ti oyin, láti ibẹ̀ sí pupa rẹ́súrẹ́sú, kó tó dúdú. Láàárín pupa àti jíjó, àyè tó wà níbẹ̀ kéré gan-an. Ẹ̀kán kan tí a bá kán sínú omi tútù ni yóò sọ bóyá ó ti le tó. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ tí a fi òróró pa yóò máa yí i ní kíákíá, nítorí bó bá tutù tán, kò gbọ́ràn mọ́. Ká rántí ọkùnrin tó ń fi ìka méjì wọn ṣúgà ní Matanzas: àwọn méjèèjì kò mọ ara wọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ojú àti ọwọ́ wọn gbà ń ka iná, ilé kan náà ló ti wá.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Orúkọ àbáláyé tí wọ́n fi ń ta baba dúdú ń gbé ìlérí mìíràn pamọ́ sínú: pé ohun tí àwọn baba jẹ kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Àwọn ìyá tí wọn kò ní ra súwíìtì ilé iṣẹ́ fún ọmọ wọn ń ra èyí pẹ̀lú ọkàn balẹ̀. Ṣúgà kan náà ni, eyín ọmọ kò sì mọ ìyàtọ̀ ilé iṣẹ́ àti ilé. Ẹni tó mọ̀ pé ìpanu ìran méjì sí mẹ́ta ni yóò fún ọmọ ní ìwọ̀nba. Bákan náà ni ìtàn yìí ṣàlàyé ìdí tí iṣẹ́ náà fi ń tètè dákẹ́. Ní 1984, nígbà tí àwọn ènìyàn ń tò fún ṣúgà àti mílíìkì lábẹ́ ìjọba ológun, kò sí ohun tí oníbaba dúdú lè fi rọ́pò rẹ̀. Oko rẹ̀ kò sí ní Èkìtì. Títí di òní, bí owó àpò ṣúgà bá fò sókè, ìkòkò á kúrò lórí iná.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá ń fẹ́ súwíìtì tí a lè sọ láìbẹ̀rù pé ilẹ̀ àríwá Èkìtì ló hù ú, ọ̀pẹ ṣì dúró. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ ní 2011 wà ní Ìkọ̀lé, àwọn adẹ́mu sì wà láyìíká rẹ̀. Kí a fi ẹfun díẹ̀ kun inú akèrègbè bí àwọn ará Íńdíà ṣe ń ṣe, kí a sọ ọ́ kalẹ̀ kí oòrùn tó mú, kí a gbé omi náà lé iná kíákíá kí ó tó kan. Lítà mẹ́wàá yẹ kó fún ni ní nǹkan bíi kìlò kan ṣúgà pupa. A ó wá fi iye ẹmu tí lítà mẹ́wàá náà ì bá pa lọ́jà àti iye igi tó jó wé iye tí kìlò yẹn yóò tà. Bí kò bá jèrè, a jẹ́ pé àwọn adẹ́mu àtijọ́ ti ṣe ìṣirò náà ṣáájú wa.